Èènì Láníkẹ́

Bí o bá béèrè Láníkẹ́ Gbádéyan ní Ìnísà láyé ìgbà náà, wọn kò ní mọ ẹni tí ò ń wí. Ìyàwó Kùmásí ni wọ́n ń pè é, nítorí ọkọ rẹ̀ tó bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kùmásí, tó fẹ́ ẹlòmíràn síbẹ̀, tí kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Kò bímọ. Ó nílé, ó ní oko lọ́nà Òkukù, oúnjẹ kò wọ́n ọn. Ẹni tí yóò bá a jẹ ẹ́ ló wọ́n ọn. Àwọn aládùúgbò a kí i dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì, kálukú a sì gba ilé tirẹ̀ lọ. Ẹ má bá mi jiyàn, mo mọ̀ wọ́n.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn òmìnira ni Titus Bọ́ládélé dé láti ilé ìwádìí kan n'Ìbàdàn. Ọmọ Ìkìrun ni, kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ń wá ẹni tí yóò gba òun láàyè láti gbin ẹ̀wà sóyà sóko rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ìlú Ìbà ti fi í rẹ́rìn-ín tán: ẹ̀wà tí í jẹ gbogbo igi ìdáná kó tó rọ̀, ta ni yóò gbìn ín? Láníkẹ́ ní kó máa bọ̀. Ká sọ tòótọ́, bó bá jẹ́ òkúta ni Titus fẹ́ gbìn, yóò gbà.

Oríṣi méjì ló kó wá. Ọ̀kan yọ òdòdó funfun, èkejì yọ òdòdó àlùkò. Ṣùgbọ́n bí a bá ti bó èèpo wọn, wọ́n jọra bí ìbejì.

"Inú wọn ló yàtọ̀, Ìyá," ni Titus wí. "Purotéènì tó wà nínú wọn ló ń mú ara ọmọdé dàgbà. Àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní amínò ásíìdì ló sì para pọ̀ di purotéènì náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kéré jù, ọmọ á jẹ, á yó, kò sì ní dàgbà. A fẹ́ mọ èyí tí tirẹ̀ pé jù."

"Bí ẹ bá wá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"Bí èsì bá dára, ọdọọdún la ó máa dá oko yìí. Ẹ ó máa rí mi títí ọ̀rọ̀ mi yóò fi sú yín."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Láníkẹ́ gbé sọ́kàn. Oṣooṣù ni Titus ń wá. Yóò wọn ewéko, yóò wo òdòdó, lẹ́yìn náà yóò jókòó ti iyán, yóò máa ròyìn Ìbàdàn. Láníkẹ́ á máa bá a jà pé kì í jẹun tó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin bó ti ń ti oko bọ̀.

Nígbà ìkórè, iṣẹ́ dí Titus lọ́wọ́. Ó ránṣẹ́ pé dírẹ́bà ń bọ̀ wá gba àpò méjì, ó ní kí Ìyá má jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀. Láníkẹ́ gbọ́. Ó lù wọ́n lọ́tọ̀, ó fẹ́ wọn lọ́tọ̀, ó dì wọ́n lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n olódòdó funfun kò so dáadáa, àpò tirẹ̀ kò kún. Ojú tì í. Obìnrin tó dàgbà nídìí ọjà, ṣé òun ni yóò fi àpò àbọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ràn? Ó bu lára olódòdó àlùkò tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, ó dà á lé e títí ó fi kún dẹ́nu, ó ní èènì Titus nìyẹn. Lójú tirẹ̀, kò da nǹkan kan pọ̀. Ta ló ń ka èènì mọ́ ọjà?

N'Ìbàdàn, wọ́n lọ ẹ̀wà náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá bù lókè àpò olódòdó funfun, iye purotéènì á lọ sókè. Bí wọ́n bá bù nísàlẹ̀, á wálẹ̀. Amínò ásíìdì rẹ̀ náà kò bára mu. Ọ̀gá Titus ní oko náà kò ṣeé fọkàn tán, kí wọ́n pa á tì.

Titus wá sọ fún un. Kò tí ì jókòó tí Láníkẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ Ìkìrun, ṣé o rí èènì mi? Àpò kan ò kún, ni mo bá bu èkejì sí i fún ọ."

Gbogbo rẹ̀ yé Titus lẹ́ẹ̀kan náà. Ó la ẹnu, ó wo ojú obìnrin náà bó ti ń dán fún ayọ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Mo rí i, Ìyá. Ẹ ṣé o."

"Èsì wá ńkọ́?"

"Ìjọba ti dá iṣẹ́ náà dúró ni."

Títí di òní, irọ́ yẹn ń bí mi nínú. Titus pè é láàánú, èmi pè é ní ìwà ojo. Ká ní ó sọ òótọ́ ni, Láníkẹ́ ì bá sunkún, ì bá sì tún un gbìn bó ti yẹ. Titus jẹ iyán rẹ̀ tán, ó lọ, kò sì padà wá.

Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, Láníkẹ́ nìkan gbin sóyà. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Lẹ́yìn ìkórè, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkìrun, ó béèrè ilé àwọn Bọ́ládélé, ó sì gbé àpò kan síwájú ìyá Titus.

"Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí i," ló wí. "Ẹ ní kó má bínú. Mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Èènì ìjọ́sí ló kéré. Ìdajì àpò yìí, èènì ni."