Káàdì Mọ́kànlélógójì

Mò ń yọ aṣọ kúrò nínú báàgì, Tabitha ìyàwó mi ń kó wọn padà. Mo yọ ìró, ó kó ìró padà. Mo yọ súwẹ́tà, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ báàgì. Kò bínú. Ó wò mí lójú, ó sọ̀rọ̀ kan ní èdè Faransé, ó sì dúró kí n fèsì.

Mo ní, "Wí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó tì í.

Wí ni bẹ́ẹ̀ ni lédè náà. Ẹnu àwọn oníṣòwò Kútọnu ni mo ti gbọ́ ọ. Òun nìkan ni mo mọ̀ nígbà yẹn.

Ọdún mẹ́rìnlélógójì la ti jọ wà ní àdúgbò Bajulaiye, èmi ará Ọ̀yọ́, òun ọmọ Ìlàjẹ. Kò sọ Faransé sí mi rí. Ìgbàgbé ló ń ṣe é. Orúkọ àwọn ará àdúgbò ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà orúkọ Tóbi, ọmọ wa kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Jos. Lẹ́yìn náà Yorùbá lọ pátápátá.

Ikúmápàyí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá láti etí omi Bàrígà. Ó gbé ẹja yíyan dání. Ó bá a sọ Ìlàjẹ. Tabitha fi etí ìró bo ojú.

Ikúmápàyí ní, "Kò gbọ́ mi. Ìyá wa kú nígbà tó bí i. Bàbá gbé e lọ sí Gabon níbi tó ti ń pẹja, wọ́n fi èmi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Obìnrin ará ibẹ̀ kan tó ń yan ẹja ló tọ́ ọ, òun ló ń pè ní Màmá. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí Bàbá mú un wálé. Faransé nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ló padà sí yẹn."

"Kí ló wá ń sọ?"

"Èmi kẹ̀? Ibo ni mo ti mọ Faransé? Ẹja ni mo mọ̀."

Tí àlejò bá wọlé, Tabitha kì í sọ̀rọ̀. Èmi nìkan ló ń bá sọ ọ́, láàárọ̀, tó bá ti di báàgì tán. Ikúmápàyí ní kí n gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí n gbé e fún ẹni tó gbọ́ èdè náà. Mi ò gbà. Ohun tí ìyàwó mi ń bi mí, mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ ṣáájú mi. Mo pinnu pé èmi fúnra mi ni màá gbọ́ ọ, kó tó kú.

Iṣẹ́ títo lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé ni mo ṣe, kí kọ̀ǹpútà tó gbà á. Mo ti to Haúsá, mo ti to Ìgbò, mo ti to Látìn fún ìjọ Àgùdà, láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú wọn. Lẹ́tà ni iṣẹ́ wa. Bí lẹ́tà bá ti pé, a ó kọ "ó dára" sí i, a ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ìtumọ̀ jẹ́ ti ẹni tó gbé iṣẹ́ wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ti Tabitha. Mo gba káàdì ìgbéyàwó tí wọ́n gé kù nílé ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Láràárọ̀ mo ń kọ ohun tó sọ bí etí mi ṣe gbọ́ ọ, káàdì kan fún ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà màá ní "Wí," torí mo rí i pé inú rẹ̀ ń dùn sí i.

Sabina, ará Kútọnu tó ń ránṣọ ní Onípánù, ń kọ́ èèyàn ní Faransé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. A jẹ́ mẹ́ta. Ayọ̀tọ̀míwá fẹ́ lọ sí fásitì ní Kútọnu. Godspower ń lọ ra bàtà níbẹ̀.

Godspower bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ̀yin fẹ́ lọ ṣe ní Kútọnu? Àbí ẹ ti ní ìyàwó kékeré síbẹ̀?"

Ayọ̀tọ̀míwá ní, "Fi Bàbá sílẹ̀ jàre. Ìwọ tí o ò tíì lè ka ení dé ẹ̀wá."

"Èjì tó mi. Ẹsẹ̀ mélòó lèèyàn ní?"

Sabina fi rúlà lu tábìlì. "Bàbá Tóbi, ẹ̀yin ló kàn. Ẹ fi imú pè é. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, kì í ṣe ọlọ́kadà lẹ̀ ń pè."

Mo fi imú pè é. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Sabina kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Ọkọ̀ ojú omi. Lónìí. Lọ́la. Ṣé ó ń bọ̀? Kò ní wá. Nígbà tó pe ọkọ̀ ojú omi, ọwọ́ mi dúró lórí ìwé. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Sabina ní, "Bàbá Tóbi, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí."

Mi ò dúró kí wọ́n parí. Mo fẹsẹ̀ rìn délé. Mo to àwọn káàdì sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ìwé mi tì wọ́n, mo ń kà. Ìbéèrè kan náà ló wà lórí gbogbo wọn. Ṣé ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀ lónìí? Ṣé Màmá ń dúró dè mí létí omi?

Káàdì mọ́kànlélógójì. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tó fi ń di báàgì nìyẹn. Ìdí tó fi ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí oòrùn á fi wọ̀ nìyẹn.

Mo rò ó. Ohun tí mo sọ láìmọ̀, mi ò lè mọ̀ ọ́n tán kí n tún sọ ọ́.

Láàárọ̀ ó di báàgì. Ó wò mí lójú, ó bi mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Nọ́ọ̀," ìyẹn ni pé rárá. Mo fi imú sí i bí Sabina ṣe kọ́ mi. Ọkọ̀ ò ní wá. Màmá ò sí létí omi. Gbólóhùn méjèèjì pé. Kò sí àṣìṣe kankan nínú wọn.

Ó wá bi mí ní ọ̀rọ̀ kan péré. Mi ò tíì kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdáhùn kan ló ti mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Wí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi báàgì sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Sabina, mo ní kí ló túmọ̀ sí.

Ó ní, "Láéláé. Bí ẹni ń béèrè pé, ṣé kò ní rí bẹ́ẹ̀ láéláé ni? Ta ló bi yín bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni.

Mo padà sílé. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ fún un ní Faransé pé ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Mo tún un sọ. Mo sọ ọ́ láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Kò yíjú kúrò lára ògiri, kò sì fẹnu kan oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó kú. Kí Tóbi tó dé láti Jos, Ikúmápàyí àti èmi ti sin ín.

Báàgì náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìró méjì ló wà nínú rẹ̀, súwẹ́tà kan, àti mẹ́ta nínú ẹja yíyan Ikúmápàyí, tí Tabitha fi bébà wé.