Kókó Òwú Tí Kò Sí Lábẹ́ Apá

Bí àwọn yòókù bá ti jáde lọ jẹun ọ̀sán, ọ̀gá télọ̀ a mú abẹ, a tú gbogbo apá aṣọ tí Màmá, àgbà ọmọṣẹ́ rẹ̀, rán láàárọ̀, a sì tún wọn rán kí wọ́n tó dé. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń ṣe é. Aṣọ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń rán ní ṣọ́ọ̀bù náà. Apá rẹ̀ kò gbọdọ̀ hunjọ, ti Màmá sì máa ń hunjọ bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀.

Ìgbà tí ọkọ Màmá kú ló tó wá kọ́ṣẹ́. Ó dàgbà ju ìyá ọ̀gá lọ. Báwo lèèyàn ṣe máa wo ojú irú àgbà bẹ́ẹ̀ kó ní iṣẹ́ rẹ̀ kò dára? “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ó dára,” ni ọ̀gá máa ń wí, Màmá a sì rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wọlé. Ilé ìwòsàn ń fẹ́ télọ̀ kan tí yóò máa dá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó ti yẹ aṣọ gbogbo wọn wò. Apá tí Màmá rán ló gún jù.

“Màmá, ẹ̀yin ló kàn. Ẹ rán ọ̀kan kí n rí i.”

“Ọkọ mi ì bá wà láyé!” Màmá nu ọwọ́ mọ́ aṣọ bí ẹni fẹ́ gba ọmọ tuntun.

Máṣìnnì ń lọ. Apá hunjọ.

“Hàà, apá yìí mà fajú ro o!” Ẹ̀fúùfù nìyẹn, ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù níbẹ̀.

Màmá mú ọ̀kan nínú aṣọ tó ti rán tẹ́lẹ̀, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fọwọ́ wá abẹ́ apá. “Kókó mẹ́ta ni mo máa ń ta òwú mi tí mo bá rán apá tán. Kókó mi dà?” Ó mú òmíràn. Kò sí níbẹ̀ náà.

Ó ṣe ọ̀gá bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

“Èmi ni, mà. Mo máa ń tú u. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kó dùn yín. Àgbà ni yín.”

“Ẹ bọ̀wọ̀ fún ewú orí mi,” ni Màmá wí jẹ́ẹ́, “ẹ wá fi ọwọ́ mi sílẹ̀ nínú òkùnkùn.”

“Èmi tí mo mọ̀ ọ́n rán ńkọ́?” ni Ẹ̀fúùfù wí. “Ọdún méjì rèé, bọ́tìnnì lẹ ṣì fi mí sí.”

Ọ̀gá mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló fà á. Títún un rán yá ju kí èèyàn jókòó kọ́ ẹlòmíràn lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ilé ìwòsàn fún mi,” ni obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ fún ọ̀gá. “Bí Màmá ò bá mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, ẹlòmíràn á lọ. Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ ni kó o tún un ṣe.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Màmá fúnra rẹ̀ mú abẹ, ó tú apá náà. Ó fa àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. “Ẹ jókòó.” Ó tún un rán, ó gbé e sókè. “Ó dára?”

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ti ń sọ láti oṣù mẹ́jọ ti wà létè rẹ̀. Ó gbé e mì.

“Kò dára, mà.” Omi lé ròrò sí ọ̀gá lójú. “Ẹ ń fa aṣọ níbí. Ẹ jẹ́ kó máa wọlé fúnra ẹ̀.”

“Ẹn-ẹ́n,” ni Màmá wí, ó sì tún nawọ́ mú abẹ.