Ohùn Ọmọ Aránṣọ Nínú Àwo Dúdú

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tèmi, ẹ má jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kó di ọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀ mú, nítorí ohùn kan ń bú ramúramù nínú yàrá aránṣọ kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òkú ló sì ni ohùn náà.

Ọmọ aránṣọ náà ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí àìsàn àyà mú lọ. Àwo orin dúdú ń yí lórí gíramafóònù, ohùn ọmọ ń fà tìì, ó wúwo, ó jìn, bí ẹni tí wọ́n gbé òkúta lé láyà tó ń ké sí ìyá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Aránṣọ fọwọ́ bo etí. Ó ṣí i. Ó tún fọwọ́ bò ó.

Obìnrin ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé màlúù lẹ ń pa ni?”

“Ọmọ mi ló ń kọrin.”

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ má bínú.” Ó dẹtí sí orin náà. “Ṣé inú ń run ún ni?”

Aránṣọ fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omijé sì tẹ̀ lé e.

Orin tí ọmọ náà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ, dẹ́ẹ̀tì-mẹ́tàlì ni wọ́n ń pè é, orin gìtá líle tí akọrin rẹ̀ máa ń bú ramúramù, tí kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú. Àwo yìí ni ẹyọ kan tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ láti fi dán an wò, wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí i lára. Bí ìyá bá gbà, wọn á tẹ ìyókù. Bí kò bá gbà, wọn á yọ ohùn náà kúrò, ẹlòmíràn á sì kọ ọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni onílù ẹgbẹ́ náà ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Aránṣọ ti mọ ohun tó máa sọ: ẹ yọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Onílù dé. Eegun ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó tínrín bí abẹ́rẹ́.

“Ẹ kú ilé o, Màmá.”

“Eegun, wọlé. Ṣé wọn kì í fún ọ lóúnjẹ nílé yín ni?”

“Wọ́n ń fún mi, Màmá. Mi ò kàn mọ ibi tó ń lọ ni.”

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi ń jẹ̀rora nínú àwo yìí. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n máa tà á kiri.” Ó gbé abẹ́rẹ́ gíramafóònù lé àwo kí onílù lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Ojú onílù yí padà. “Màmá, ṣé báyìí lẹ ṣe ń gbọ́ ọ látọjọ́ yìí?”

“Báwo ni kí n tún ṣe gbọ́ ọ?”

Ó kúnlẹ̀ ti gíramafóònù náà. “Ẹ̀rọ yín ń yí i jẹ́jẹ́ jù. Àwọn àwo orin yín àtijọ́ ló ń lọ báyìí. Tiwa ń fẹ́ kó máa yára yí. A ò sọ fún yín. Ẹ̀bi wa ni.” Ó sún ọ̀pá kékeré tó ń mú kí àwo yára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Háà! Orin fò dìde. Ohùn ọmọ ṣì ń bú, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní ìsàlẹ̀ kànga, ó ń sáré lókè. Ẹsẹ̀ aránṣọ wá pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, bó ti máa ń ṣe bí orin bá wọ̀ ọ́ lára. Ìlù yà kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ìlù yìí ń tàn mí!”

“Méje ni kíkà rẹ̀, Màmá, kì í ṣe mẹ́rin.”

“Èwo ni ti méje? Ẹsẹ̀ méjì ni mo ní!”

Síbẹ̀ ó ń wá a, ó ń sọ ọ́ nù, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bá a. Lójijì gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Gìtá kan ṣoṣo ló kù, ó ń kán bí omi òrùlé lẹ́yìn òjò, ọmọ náà sì fi ohùn ara rẹ̀, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, kọrin:

*Ilẹ̀ yanu, mo bọ́ sínú rẹ̀,*
*ilẹ̀ panu dé, orin ò tán.*

Ó mí kanlẹ̀. Kí ìbúramúramù tó padà, ẹ̀rín kékeré kan já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹsẹ̀ aránṣọ dúró. “Ẹ̀yin lẹ fi ẹ̀rín yìí sílẹ̀?”

“A fẹ́ yọ ọ́. Ó ní ká má fọwọ́ kàn án.”

“Àìsàn ti ń ṣe é nígbà yẹn?”

“Orí àga ló jókòó sí, Màmá. Kò lè dúró mọ́. Ó ṣáà ń ní ká tún un ṣe, ká tún un ṣe, títí àwa fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó.”

Aránṣọ wo àwo tó ń yí. “Ẹ tẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Bó ṣe wà yẹn, tẹ̀rín tẹ̀rín.”

Ó se ìrẹsì, ó dín ẹja, ó pe obìnrin ilé kejì. Wọ́n jẹ, wọ́n tún bù sí i. Obìnrin náà ń fọwọ́ lu tábìlì, kò bá ìlù náà lọ rárá, síbẹ̀ orí rẹ̀ ń mì. Onílù jẹ àjẹyó, ó sì fọwọ́ gbá ikùn lọ sílé. Obìnrin ilé kejì náà gba ilé rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ yá gágá.

Ilé dákẹ́. Aránṣọ bu oúnjẹ síwájú ara rẹ̀. Ibi tó ti ń jẹ ẹ́, tí gbogbo rẹ̀ ń tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló ti wá yé e pé kì í ṣe òun ni ọmọ náà ń pè. Orin ló ń kọ.