Ẹni Méjì Péré

Péré. Ta ló tiẹ̀ kọ ọ́ síbí? Ọ̀gá ni. Bírò pupa rẹ̀ nìyí, gàdàgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn. Ẹni méjì péré ni àjàkálẹ̀ àrùn náà pa lánàá. Kí n kà á bẹ́ẹ̀ lórí rédíò. Kí ohùn mi sì dùn…

Ó ní ẹ̀rù nìkan ló kù tó ń ṣe àwọn èèyàn báyìí. Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní títì, àwọn ìyá ò jẹ́ kí ọmọ jáde ṣeré. "Olóhùn-iyọ̀, fi péré yẹn sí i, ọkàn wọn á balẹ̀." Irọ́ kọ́ ló pa. Àrùn ń lọ lóòótọ́. Èmi náà gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi bó, mo ní Baba, dá ọwọ́ ikú dúró. Ó sì ń dá a dúró. Ṣé kí n wá máa bínú sí ọpẹ́ ni?

Àmọ́ Injiníà —

Òun ló jókòó lẹ́yìn gíláàsì yẹn, tó ń yí bọ́tìnnì, tí kò wojú mi. Òun ló ń tan iná pupa kí n tó sọ̀rọ̀. Lánàá, bí mo ṣe ka "ẹnì kan péré", ó yọ ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ ohùn mi kúrò létí. Mo rò pé etí ló ń dùn ún. Ìgbà tí mo jáde ló tó sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀: "Àǹtí, ìyá mi ni ẹnì kan yẹn."

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ti sin ìyá náà, wọn ò jẹ́ kí ọmọ débẹ̀. Kí ló tún fẹ́ jókòó ṣe nílé…

Kí ló dé tí iye òkú kò há mi lọ́fun tẹ́lẹ̀? Lọ́dún tó kọjá, tí à ń ka àádọ́rin lójúmọ́, geere ni mò ń kà á, bí ẹni ń ka iye góòlù. Àádọ́rin kò lójú, kò nímú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú àádọ́rin kan. Mo mọ̀. Mo mọ̀ kí n tó gbé ìwé yẹn, mo sì kà á, ohùn mi ò gbọ̀n. Gbogbo ibi iṣẹ́ ní akọni obìnrin ni mí. Akọni kọ́… mo fi ẹ̀gbọ́n mi pamọ́ sáàárín èrò ni.

Iye wá ń dín kù. Èrò ń tú ká. Ojú wọn ń yọ —

Ẹni tó mọ iye irun orí wa, kò sí péré lẹ́nu Rẹ̀. Kò ka àádọ́rin rí. Ọ̀kan ló ń kà. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan.

Iná pupa ti tàn.

Ẹni méjì… Mo dúró. Ọ̀gá á bínú. Kó bínú. Ẹni méjì ni àrùn náà pa lánàá. Omijé mi ń kán sórí ọ̀rọ̀ pupa náà, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣàn kiri ìwé. Lẹ́yìn gíláàsì, Injiníà ò yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò létí.

Ẹ̀gbọ́n mi… ojú yín yọ láàárín èrò. Ẹ̀yin nìyí.