Sitíárìn Mọ́tò Oníke

Àǹtí mi Àjọkẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé páálí náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣógúnlé. Ó gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì Píjò tí mò ń tú, ó ní ọkọ òun ló fi rán òun.

"Mọ́tò ìje ni, oníke, kékeré báyìí," ó wí. "Ìlú òyìnbó ló ti rà á, kò ráyè to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Irú èyí tó máa ń fọ̀ níbi tó ti ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ni. Ó fẹ́ fọwọ́ kàn án bó ṣe rí gẹ́lẹ́, Ṣògo. Ó ní kò sẹ́ni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ bíi tìẹ."

Inú mi ti fẹ́ máa dùn, ló bá fi kún un pé: "Ó ní kó o fara balẹ̀ ka ìwé inú ẹ̀ o."

Ìwé! Níbi ìsọmọlórúkọ Olúyínká ọmọ wọn, ọkọ rẹ̀ yìí ló na káàdì òyìnbó kan sí mi pé kí n kà á sétí gbogbo ẹbí, èmi tí mo kúrò nílé-ìwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹta. Mo kà á bí ẹni ń gun òkè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn ti ń lọ sílé-ìwé báyìí, mi ò tíì gbàgbé. Bí Àjọkẹ́ ti yí ẹ̀yìn padà, mo mú ìwé náà, mi ò ṣí i wò, mo fi nu gírísì ọwọ́ mi.

Mo gé àwọn ẹ̀yà mọ́tò náà kúrò lára ike tí wọ́n so wọ́n mọ́, mo fi abẹ fá etí wọn, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Nígbà tó kan sitíárìn, mo rí i pé apá ọ̀tún ni wọ́n lu ihò rẹ̀ sí. Ẹ̀rín pa mí. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo wa máa wakọ̀ lápá ọ̀tún títì, kí ni mò ń ṣe jẹun bí kò ṣe gbígbé sitíárìn láti ọ̀tún sí òsì? Mo ní mọ́tò àtijọ́ lèyí, ó yẹ kí n tún un ṣe. Mo lu ihò tuntun sápá òsì, mo gé ìjókòó awakọ̀, mo gbé e tẹ̀lé e. Mo dí ihò àtijọ́, mo sì fi sáńpépà fá ojú rẹ̀ títí ó fi dán.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Mísbáù tá a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù wí, "ọlọ́pàá wo ló fẹ́ mú mọ́tò tí ò ní ẹ́ńjìnnì?"

"Panu mọ́."

"Ẹ ò ṣe wo ìwé ẹ̀ ná?"

"Mo ní kó o panu mọ́! Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní sitíárìn?"

Àwọn nọ́ńbà ara mọ́tò náà wà lórí bébà kan tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Mo rì wọ́n sómi bí a ti ń ṣe àlẹ̀mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ya sí méjì lójú omi. Mo dá mímí dúró, mo fi bọ́rọ́ṣì tútù fà á jọ lára ike náà títí ojú ibi tó ti ya kò fi hàn mọ́. Iṣẹ́ náà wú mi lórí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé e lọ sí Ìsọlọ̀. Àlájì Sùlè, lánlọ́ọ̀dù wọn, ti wà níbẹ̀, ó wá wo mọ́tò tí ayálégbé rẹ̀ ń ròyìn. Bàbá Olúyínká na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gba ọmọ tuntun. Ó fọwọ́ pa imú mọ́tò náà, ó yí táyà rẹ̀, ó fìka wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Nọ́ńbà dà?"

"Ìka yín wà lórí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ìka mi ò mọ̀ ọ́n." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Ṣògo! Ó lẹ̀ dáadáa nìyẹn."

Ìka rẹ̀ wá wọ inú mọ́tò, ó lọ tààrà sápá ọ̀tún. Ó dúró. Ó pa ibẹ̀, ó tún pa ibẹ̀. Nígbà tó kan sitíárìn lápá òsì, ó fa ìka yọ bí ẹni fọwọ́ kan iná.

"Ibí ni mo máa ń jókòó sí," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí wọ́n bá ń tì í jáde pé kí n wá fọ̀ ọ́, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n di sitíárìn mú. Ọ̀tún ni. Ṣé wọn ò yà á sínú ìwé yẹn ni? Àwòrán mà ni gbogbo ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Àwòrán! Ọmọ ọwọ́ ì bá kà á.

Àlájì na ọrùn. "Kí ló dé? Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rí, Àlájì," ni Bàbá Olúyínká dáhùn kíákíá. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọwọ́ ọmọ yìí mọ́."

"Mẹkáníìkì gidi!" Àlájì bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́. Àǹtí mi náà ń pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ ń dùn sí àbúrò rẹ̀. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Ẹni tí mo di kùnrùngbùn sí láti ọjọ́ yìí ló ń fi irọ́ bo àṣírí mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!" ni Àlájì wí. Ó rò pé ọpẹ́ ni mò ń dá. Bàbá Olúyínká ò sì rí mi. Ó kọjú sí ibi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì wà lápá ọ̀tún mọ́tò náà. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ di ọ̀la, kò lè mọ̀. Ẹnu nìkan ló kù, ẹnu mi sì wúwo ju ẹ́ńjìnnì lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," mo wí láti ilẹ̀, àtẹ́wọ́ sì dáwọ́ dúró. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Èmi ni mo gé e. Mi ò ṣí ìwé náà wò, torí pé ẹ̀yin lẹ ní kí n kà á."