Ta Ló Rán An?

Télọ̀ ni mí, mi ò kì í ṣe tíṣà. Àmọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yìí ni mo fi rán aṣọ, òun náà ni mo fi rán àbúrò mi nílé ìwé láti ìgbà tí àwọn òbí wa ti kú. Nígbà tí ilé ìwé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi wá ní kó kọ́ kíláàsì kan kí àwọn fi wò ó, bóyá àwọn máa gbà á síṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, èmi ló kọ́kọ́ fi ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

"Àǹtí mi, ẹ gbọ́. 'The tailor sewed the dress.' Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé aṣọ síwájú: 'The dress was sewn.'"

"Télọ̀ ńkọ́?"

"Ó ti kúrò níbẹ̀."

Inú bí mi. "Kúrò lọ síbo? Kí n tẹ̀ba mọ́ ẹ̀rọ láti àárọ̀, kó wá dà bíi pé aṣọ ló dá ara ẹ̀ rán?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ṣebí àwa náà ń sọ pé "wọ́n ti rán an", a kì í sì í bèèrè ẹni tó ń jẹ́ "wọ́n". "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ télọ̀ padà, 'by' lẹ máa fi mú un wọlé. 'Sewn by the tailor.'"

Mo ní ó káre, àmọ́ inú mi ò tíì rọ̀ tán.

Lọ́jọ́ tó máa kọ́ kíláàsì náà, mo sìn ín lọ, wọ́n sì ní kí n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí mi wà nínú kíláàsì. Ọ̀gá ilé ìwé jókòó sẹ́yìn pátápátá. Àbúrò mi ní kí àwọn ọmọ máa bi ọ̀rọ̀ ìṣe léèrè pé "kí ni?" kí wọ́n tó yí gbólóhùn padà. Gé kí ni? Gé aṣọ. Ìyẹn ṣeé yí. Ṣẹlẹ̀ kí ni? Kò sí ìdáhùn, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọdọ̀ sọ pé "It was happened."

"Sùn ńkọ́? Sùn kí ni?"

"Oorun, mà!" Ọmọbìnrin kan ló pariwo. "A máa ń sun oorun! 'Sleep was slept!'"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí ọ̀gá wúkọ́. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Àfi bí àbúrò mi ṣe bá wọn rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lo sọ. Ní Yorùbá, à ń sun oorun, à ń jó ijó, a tún ń kú ikú. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í fẹ́ dá rìn. Èmi ni mo ṣì í. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ́ ẹ fi bi í. 'Sew what?'"

"'A dress!'"

"'Sleep what?'"

Kẹ́kẹ́ pa.

"Ẹ ti rí i. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbé síwájú."

Orí mi wú. Díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́ lọ́dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀gá ló sìn ín jáde. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ọjọ́ Ajé ni kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì kún un: "You were well trained."

Mo gbọ́ ọ. Télọ̀ ò tún sí níbẹ̀.

Àbúrò mi nawọ́ sí mi níbi tí mo dúró sí, tí téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn mi. "By my sister, sà."

Mo gbọ́ ìyẹn náà ketekete, ṣùgbọ́n mo ní kó tún un sọ.