Pélé Lójú Màríà

“Bàbá, ta ló ní kí ẹ kọ ilà fún Màríà?”

Ilésanmí agbẹ́gilére gbójú sókè. Láti òwúrọ̀ ló ti jókòó sórí àpótí níwájú ilé rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Ọba, ẹ̀yìn ń ro ó, ojú ń ta á. Oṣù méjì gbáko ló fi gbẹ́ ère tí Tíṣà Adémọ́lá gbé dání yìí. Ó wo àwòrán kékeré tí Tíṣà mú wá láti inú ìwé àdúrà, ó gbẹ́ ìborí bó ṣe wà níbẹ̀, ó gbẹ́ ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìyá. Nígbà tó kan ojú, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ogójì ọdún: pélé mẹ́ta lọ́tùn-ún, pélé mẹ́ta lósì.

“Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́,” ó ní. “Ère tí kò nílà kò tíì parí. Báwo la ó ṣe mọ ulé tó ti wá?”

“Násárẹ́tì ló ti wá!”

“N ò dé ibẹ̀ rí. Ṣé wọn kì í kọlà níbẹ̀ ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Tíṣà, ó gbé e mì. Ilé-ìwé Àgùdà ló ti ń kọ́ni. Láti ìgbà tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ti dé ni wọ́n ti fi í jẹ ọ̀gá, ó sì ti kọ́lé tuntun. Ọjọ́ Àìkú ni Fáda ń bọ̀ wá súre sílé náà. Olúbùnmi, ìyàwó rẹ̀, ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kan ní igun pálọ̀. Ère ló kù.

“Ẹ bá mi fá a kúrò, Bàbá. Fáda á ní òrìṣà ìdílé wa la sọ lórúkọ tuntun.”

“Bí mo bá fá a, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á jìn. Igi kì í tún sanra.”

“Ẹ ṣáà fá a.”

Ilésanmí mí kanlẹ̀. Monínúọlá, ọmọ rẹ̀, ń di ẹrù bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ilé, nítorí ère yìí ni Ilésanmí ní òun á gbẹ́ kẹ́yìn kí òun tó lọ sinmi lóko Ìjàn. Kò wù ú kí ojú tí òun gbẹ́ kẹ́yìn láyé jẹ́ èyí tí òun fọwọ́ ara òun bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá iyàn jíjà. Ó mú ọ̀bẹ, ó gbé ère lé itan, ó ń fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó ṣe tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà dán, ó sì jìn bíi ti ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ fóṣù kan.

“Ó ti rù,” Tíṣà sọ jẹ́jẹ́.

“Mo wí fún ọ.” Bàbá kọ èèkù ọ̀bẹ sí i. “Ó rẹ̀ mí. Ìwọ fá èyí tó kù.”

Tíṣà gba ọ̀bẹ, ó yí ère padà. Ilésanmí rí i tó gbé ìka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tí pélé mẹ́ta tirẹ̀ wà.

“Bàbá, ojú ta ni ẹ wò gbẹ́ eléyìí?”

“Gbogbo àwọn tó ń pọnmọ kọjá níbí lọ sọ́jà. Ìyá rẹ wà níbẹ̀.”

Tíṣà dá ọ̀bẹ padà. Ó fi aṣọ wé ère náà, ó rọra gbé e sí àyà.

“Fáda á rí ẹ̀gbẹ́ tó dán lọ́jọ́ Àìkú,” ó ní. “Bó bá ti lọ, a ó yí i padà.”

Nígbà tó lọ tán, Ilésanmí ṣa èérún igi tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dì í mọ́wọ́. Ó wo ìtì ìrókò kékeré kan tó kù lẹ́bàá ògiri. Ó wò ó pẹ́.

“Monínúọlá!”

“Bàámi.”

“Tú ẹrù yẹn. Ìjàn ò lọ síbì kan.”